Ọ̀já Kẹrin Lára Aṣọ Bákàrè

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Mahfuz sọ tí ara ìyá rẹ̀ fi gbóná. Ó wo aṣọ bàbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní láàárín àgbàlá, ó nawọ́ sí etí rẹ̀ níbi tí ọ̀já kẹ́ńtè wà, ó ní, "Èyí ò sí lára rẹ̀. Àbùlẹ̀ ni. Ẹ mú àlùmọ́gàjí wá, ká gé e kúrò, ká tó bẹ̀rẹ̀."

Àbùlẹ̀! Ẹ gbà mí o. Níṣojú Alfa Lúkmàn, níṣojú àwọn àgbààgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n wá ṣe àdúà ogójì ọjọ́ fún bàbá ẹ̀, níṣojú àwọn ará ilé kejì tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé! Sẹ̀kínát, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí orúnkún kì í jẹ́ kó gbádùn, ṣe ló fò dìde lórí àpótí bí ọmọge.

"Kí lo pè é?"

"Màmá, ẹ jókòó. Mo ní àbùlẹ̀ ni."

Ẹni tí kò bá mọ ilé Bákàrè ní Asawase, nílẹ̀ Àṣáńtì, lè máa rò pé aṣọ lásán ni wọ́n ń jà lé. Kì í ṣe aṣọ lásán. Bákàrè, tó ta ẹ̀wà ní ọjà Race Course láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri títí ó fi funfun, ní aṣọ ìbora kan tí bàbá rẹ̀ gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òfì ni, òun ni Bákàrè máa ń dà bora lọ sí Yídì lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń hun òfì, tí wọ́n á wá rán an mọ́ra létí létí títí á fi di aṣọ ńlá. Nínú ilé tiwọn, bí ọmọ tuntun bá ti dé, wọn a wá ọ̀já kan fún un, ìyálé a sì rán an mọ́ etí aṣọ bàbá lọ́jọ́ ìkómọ. Àlọ àti àbọ̀ ni wọ́n ń rán an. Abẹ́rẹ́ á lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tún padà gba ibi tó gbà lọ, kí ọ̀já má baà já. Bí ilé ṣe ń fẹ̀ ni aṣọ náà ń fẹ̀. Bí bàbá bá wá kú, tó pé ogójì ọjọ́, ìyá ilé á tú ọ̀já àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi lé kálukú lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀já, ọmọ ilé ni, ó ní yàrá, ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá gbà, àlejò ni, kó di ẹrù rẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ni Bákàrè bí. Sẹ̀kínát bí mẹ́ta nínú wọn: Mahfuz, tó gba ìsọ̀ ẹ̀wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Ùmmúkùlsùm, tó wà nílé ọkọ ní Aboabo, àti Yaseer, tó ń wakọ̀ lọ sí Tamale. Ẹ̀kẹrin ni Nàfísàt. Afia ló bí i, ọmọ Àṣáńtì tí Bákàrè fẹ́ nígbà tí Mahfuz ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀já tirẹ̀ kì í ṣe òfì, kẹ́ńtè ni, nítorí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló hun ún. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́jọ, Afia kú. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lọ́wọ́ Sẹ̀kínát, títí ó fi di tíṣà, títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Yàrá tó kángun sí ti Sẹ̀kínát ló ń sùn. Yàrá yẹn gan-an ni Mahfuz ń wá. Ó fẹ́ máa kó àpò ẹ̀wà sí i.

Ẹ rí i? Àpò ẹ̀wà! Nítorí ibi tí ẹ̀wà máa sùn ni ènìyàn fi fẹ́ lé àbúrò rẹ̀ jáde nílé bàbá rẹ̀.

Àwọn tó so yìgì Afia sì ti kú tán. Alfa tó ka ìwàásù rẹ̀ ti kú, àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì ti kú, Bákàrè fúnra rẹ̀ ló wá kú gbẹ̀yìn yìí. Kò sẹ́ni tó kù tó lè sọ pé ojú mi báyìí ló ṣe. Aṣọ yìí nìkan ló kù. Mahfuz mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń wá àlùmọ́gàjí.

"Màmá, gyae," Nàfísàt sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tó ti di abọ́ ẹran mú. Bínú bá ti ń bí i, Twi, èdè ìyá rẹ̀, ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ fi sílẹ̀. Mà á kó kúrò."

"Kó lọ síbo?" Sẹ̀kínát jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ náà, pa ẹnu dé! Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?" Ó wá yíjú padà sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Mahfuz. Ìwọ tí mo fún lọ́mú. O ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àbùlẹ̀? Ìgbà tí ṣòkòtò rẹ ya nídìí nílé kéwú, tí o ń fi wàláà bo ìdí rìn bọ̀ wálé, ta ló bù ú lẹ̀ fún ọ? Èmi ni! Kí ni mo ṣe? Mo wá àkísà, mo fi bo ihò. Ihò ni àbùlẹ̀ ń bò! Ibi tí kò bá sí ihò, àbùlẹ̀ kí ló wà níbẹ̀?"

"Màmá…"

"Má màmá mi! Mò ń sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ tí o so mọ́ igi níta yẹn, síso lo so ó, ọmọdé lè tú u kó máa fà á lọ. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ yẹn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tó bá ṣí, á bó awọ lọ ni. Káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn yìí, ó ní láti fi ìṣó dá ọgbẹ́ sí igi lára kó tó gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rán aṣọ létí létí! Etí tibí wà lọ́tọ̀, etí tọ̀hún wà lọ́tọ̀, kò sí èyí tó gun èkejì lórí, kò sí èyí tó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì jọ ń bo ènìyàn kan ṣoṣo. Ohun tí mo ṣe nìyẹn! Bí mo ṣe rán tìẹ ni mo ṣe rán tirẹ̀! Wá, wá fi ihò tí mo fi Nàfísàt dí hàn mí. Fi hàn mí báyìí!"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà rọra ní, "Haba, Mahfuz, ìyá rẹ sọ òótọ́." Sẹ̀kínát gbọ́, àyà rẹ̀ wú. Ó ń mí gúlegúle, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bíi pé kó fọ́ ọ létí.

Mahfuz ò bínú. Ẹ̀rín ló rín, ẹ̀rín kékeré kan báyìí tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá rí i, á mọ̀ pé ó ti ń retí ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ó ní, "Ó dáa. Kì í ṣe àbùlẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ni nígbà náà. Alfa, gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀já ọmọ, àlọ àti àbọ̀ ni. Bó bá jẹ́ àlọ nìkan, wọ́n kàn fi ṣe etí aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí Màmá tú u lójú wa. Bí àbọ̀ bá wà níbẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé." Ó wá wo ìyá rẹ̀ lójú. "Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà ìkómọ yẹn, Màmá. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí ọwọ́ yín."

"To, ó dáa," ni Alfa Lúkmàn wí. "Kò sí ìjà níbẹ̀. Láti etí náà la ṣáà máa bẹ̀rẹ̀. Màmá, bísímílà."

Sẹ̀kínát fọwọ́ wá àpótí rẹ̀ lẹ́yìn. Ó jókòó.

Nítorí òótọ́ ni Mahfuz sọ. Irọ́ ni òun alára pa, irọ́ ńlá, lójú àwọn alálùbáríkà.

Ọjọ́ ìkómọ Nàfísàt, inú Sẹ̀kínát kò dùn, kí la fẹ́ fi bò? Ikùn Afia ti yọ síta kí Bákàrè tó sọ fún un pé òun ti so yìgì tuntun. Gbogbo Race Course ló ti mọ̀! Obìnrin alágbọn tòmátò lásán-làsàn mọ̀, òun tó ń se oúnjẹ tí Bákàrè ń jẹ ni kò mọ̀. Wọ́n wá gbé ọmọ lé Afia lẹ́sẹ̀ nínú yàrá, wọ́n ń kí i kú ewu, Bákàrè sì gbé ọ̀já kẹ́ńtè wá bá òun ìyálé, ó ní, "Sẹ̀kínát, bá wa rán an." Bá wa! Ó gba ọ̀já náà. Ó mú òwú funfun, ó rán an gbọọrọ gbọọrọ, àlọ nìkan, ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọlé. Ó sì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó já bọ́ lójú Yídì, lọ́jọ́ ọdún, kí gbogbo ayé rí i.

Kò já. Wọ́n ṣe Iléyá ọdún náà, kò já. Ti ọdún kejì, kò já. Láti ọjọ́ ìkómọ yẹn sì ni Bákàrè ti gba aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fúnra rẹ̀ fọ̀ ọ́, tó ń tì í mọ́ inú àpótí tirẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin, wọ́n jà lórí ìyẹn! "Ṣé ẹlẹ́gbin ni mí ni, Bákàrè? Ṣé ọwọ́ ìyàwó tuntun ló mọ́ ju tèmi lọ?" Bákàrè á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Sinmi, ọwọ́ ń ro ẹ́." Nígbà tó yá, Afia kú, wọ́n mú ọmọ wá bá a, ó dì mọ́ ìró rẹ̀ lóru mẹ́ta láìjẹ́ kó lọ, ọkàn Sẹ̀kínát sì rọ̀. Ìfẹ́ ọmọ náà kó sí i lára. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ jí kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ nítorí àtitún ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ṣe? Ó fi sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló ń bo òun láṣìírí.

Àṣírí ọ̀hún ló fẹ́ tú yìí. Ọ̀já Nàfísàt ló gbẹ̀yìn, òun ló wà létí pátápátá, kò sí bí wọ́n ṣe lè tú aṣọ láti àárín. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ọmọ náà jáde. Inú bí i. Inú bí i sí Mahfuz, ó bí i sí Bákàrè tó kú tó fi òun sílẹ̀ sínú èyí, ó wá bí i jù lọ sí obìnrin tó mú òwú funfun lọ́jọ́ náà.

Nàfísàt ti gbé abọ́ sílẹ̀, ó ti wá kúnlẹ̀ sí ìhà kejì ẹní, ó di ìsàlẹ̀ aṣọ mú fún un kó lè rọrùn. Kò mọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ gbẹ.

Sẹ̀kínát mú bíléèdì, ó ní bísímílà, ó wá orí òwú kàn. Ó gé e, ó sì fà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fà á. Òwú funfun náà jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń yọ́ bọ̀ bíi pé ńṣe ló ti ń dúró de ẹni tó máa fà á. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gùn gbọọrọ.

"Ẹ wò ó!" Mahfuz pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó o! Alfa, ṣé ẹ rí àbọ̀ níbẹ̀? Màmá fúnra wọn mọ̀ pé wọn ò rán an mọ́ wa!"

Nàfísàt wo òwú náà. Ó wo Sẹ̀kínát. Ó dìde, ó sì fa aṣọ tó dì mú láti gbé ọ̀já rẹ̀ kúrò lórí ẹní, kó jẹ́ kí wọ́n máa bá tiwọn lọ.

Ọ̀já náà kò kúrò. Gbogbo aṣọ ló bá a dìde.

Ó tún un fà. Kò tú. Alfa Lúkmàn wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó yí etí aṣọ náà padà sínú. Òwú mìíràn wà níbẹ̀. Òwú dúdú tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò, ó bá ìlà dúdú etí kẹ́ńtè náà mu tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò fi lè tètè rí i. Rírán náà kò dára rárá. Ó wọ́, ó burẹ́wà, ó hàn pé ọkùnrin ló rán an, ó sì hàn pé abẹ́rẹ́ ńlá ló fi rán an. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó sì bọ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, kókó kan wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, kókó. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, kókó. Bẹ́ẹ̀ ló lọ dé ìsàlẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Race Course tí kò mọ kókó yẹn. Bákàrè nìkan ló ń so ó. Ó máa ń ní bí àpò bá kọ́ nǹkan, tó ya lórí ọkọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan ló máa dànù, ìyókù á dúró. Ó fi kíkọ́ kókó yẹn fìyà jẹ Mahfuz ní kékeré títí ìka rẹ̀ fi bó.

"Mahfuz," Alfa pè é. "Ìwọ lo gba ìsọ̀. Wá wò ó. Ta ló ń so báyìí?"

Mahfuz bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ kókó kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn àgbààgbà ń wò ó.

"Bàbá ni," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Àlọ rẹ̀ rèé, àbọ̀ rẹ̀ rèé," ni Alfa wí. "Bákàrè ti jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Ọmọ ilé ni. Alihamudulilahi." Àwọn àgbààgbà náà sì dá a lóhùn.

Ó yẹ kí Sẹ̀kínát dákẹ́. Ó ti borí. Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n Nàfísàt dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, òwú funfun yẹn ńkọ́?"

Sẹ̀kínát wo òwú náà bíi pé ẹlòmíràn ló kó o lé òun lọ́wọ́. Ó lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó lè ní ó ti gbó. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n igbe ló jáde.

"Èmi ni! Èmi ni mo fi rán an. Mo rán an kó lè já. Ṣé o gbọ́? Mo parọ́ fún Alfa, mi ò rán tìẹ bíi tiwọn, mo fẹ́ kó já lójú Yídì kí ojú lè ti ìyá rẹ!" Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Bákàrè, níbi tí bàtà rẹ̀ ṣì wà. "Ọkùnrin yìí sì mọ̀! O mọ̀, Bákàrè! O rí i, o gbé abẹ́rẹ́ àpò, o tún un rán lẹ́yìn mi, o wá ti aṣọ mọ́ àpótí kí n má baà rí i. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! O ń jẹ ọbẹ̀ mi, ò ń pọ́n ọwọ́ lá, o ní ọwọ́ ń ro mí. Kí ló dé tí o ò bá mi jà? Kí ló dé tí o ò gbá mi létí, kí n bẹ̀ ọ́, kó tán? O jẹ́ kí n máa rò pé mo rí Ọlọ́run tàn jẹ!"

Ẹkún gbé e. Ẹkún ìbínú ni, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ùmmúkùlsùm wá láti dì í mú, Sẹ̀kínát gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Nàfísàt gba bíléèdì lọ́wọ́ Sẹ̀kínát, ó jókòó sílẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn kókó bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Nígbà tí ọ̀já náà bọ́, ó ká a, ó gbé e lé Sẹ̀kínát lẹ́sẹ̀.

"Kí nìyí? Tìẹ ni. Alfa ti ní tìẹ ni."

"Mo mọ̀. Ẹ rán an mọ́ ìborùn yín."

"Mọ́ tèmi?"

"Mọ́ tiyín. Àlọ àti àbọ̀." Nàfísàt sún ọ̀já náà mọ́ ọn. "Ọwọ́ yín ló wù mí kó ti wá, Màmá. Ti Bàbá dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni mo dàgbà sí."

"Ṣé o rò pé mi ò lè rán an ni?" Sẹ̀kínát fi ìborùn nu imú, inú ṣì ń bí i. Ó já ìborùn náà kúrò léjìká, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó to etí kẹ́ńtè mọ́ ọn. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ fún un. Ó rán ẹsẹ̀ kan, méjì, ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n pọ̀ tìmọ́tìmọ́ bíi ti télọ̀. Ó wá dúró, ó wo ibẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń so kókó tó kàn.

"Mahfuz!"

Mahfuz ti dé ẹnu géètì. Ó fẹ́ yọ́ lọ.

"Wá síbí. Wá so kókó bàbá rẹ fún mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń lọ sí…"

"Mo ní wá síbí!"

Ó padà wá. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún kúnlẹ̀ lórí ẹní níwájú ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, gbogbo àwọn àgbààgbà sì ń wò ó. Ó mú òwú, ó yí i kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á. Kò gbójú sókè.

Sẹ̀kínát fi èékánná tọ́ kókó náà wò. Kókó náà mì.

"Kò le tó," ló ní. "Tú u, kí o tún un so."